Ẹni Tó Dákẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbé

Tantí Honorine ti kú. Orí bẹ́ńṣì ló kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ má rò pé mo ṣì í sọ. Mi ò sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ńṣì onípákó ni, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, tí òun fúnra ẹ̀ ti ká bébà sábẹ́ ẹ̀ kó má bàa máa mi àwọn aboyún. Wọ́n fún un ní nọ́mbà bíi ti gbogbo èèyàn. Mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí wọ́n pe mẹ́tàdínlógójì, kò dìde. Wọ́n tún un pè. Ìgbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni obìnrin tó jókòó tì í tó fọwọ́ kàn án léjìká.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi pe nọ́mbà àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó kan tiẹ̀, kò sẹ́ni tó yára.

Kí ẹnì kan tó bi mí pé ta ni mí tí mo fi ń bínú, ẹ jẹ́ n dáhùn. Soufiane ni mí, onízẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi ló ń gbé èèyàn kiri ní Dowa, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ta ni kò mọ̀ mí? Láti Dowa dé Adjarra, kò sí kòtò kan lọ́nà tí mi ò mọ bó ṣe jìn tó. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlá torí olùkọ́ wa máa ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ, mi ò sì lè gbà. Ẹnu mi yá ju ẹ́ńjìnnì mi lọ, ìyá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yìí kan náà ló yẹ kó la lẹ́ẹ̀kan péré nítorí Tantí Honorine. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kò là. Ìdí tí mo fi jókòó tí mò ń kọ̀wé nìyí, èmi tí mi ò kọ ju nọ́mbà fóònù lọ láti ọdún tó ti pẹ́.

Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, lọ́sàn-án Sátidé, ọkùnrin kan ń ti ọ̀nà Adjarra bọ̀ pẹ̀lú epo kpayo, epo bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé wá yẹn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dì í: bídọ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, níwájú, bídọ̀ lẹ́yìn, bídọ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, tó fi jẹ́ pé orí awakọ̀ nìkan lẹ óò máa rí. Nígbà tó dé ìkóríta tó wà nítòsí ibi tí a ti ń dúró de èrò, táyà ẹ̀ yọ̀. Ó ṣubú. Epo ya dà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ kan nípa wa tí a kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀ ní ìgboro, a ó sá. Bí epo bá dà sílẹ̀, a ó lọ mú abọ́.

A lọ mú abọ́. Wọ́n mú bàsíà, wọ́n mú ìkòkò, obìnrin kan tú ẹ̀wà tó wà nínú abọ́ tirẹ̀ dà nù. Ọ̀rẹ́ mi Romaric, onízẹ́mìjàn bíi tèmi, ń fi kọ́ọ̀pù bù ú. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, mi kì í ṣe ìkejì níbi kankan. Bídọ̀ lítà márùn-ún ni mo gbé dání, ó sì ní ìdérí. Ọkùnrin tó ṣubú wà lábẹ́ mọ́tò ẹ̀, a ń fo ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Mo fo ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Sikiratou, ìyá àgbà tó ń ta àkàsà ní ìkóríta yẹn, ti dá iná sábẹ́ ìkòkò ẹ̀ láti àárọ̀. Gbogbo wa la mọ ààrò yẹn. Gbogbo wa la ti jẹ àkàsà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àfi epo. Epo ló ṣàn lọ bá a.

Mi ò ní sọ bí iná ṣe ń dún. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí ti mọ̀.

Àárín ariwo yẹn la ti rí Tantí Honorine. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Irun ló ń dì ní àgbàlá kejì. Apá ọ̀tún orí ẹ̀ ti di, apá òsì dúró ganrangan bí igbó, òòyà ṣì há síbẹ̀. Ìró ló ró mọ́ àyà, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní onídìrí ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ pé, "Tantí, mi ò tíì parí o!" Ó ní, "Bá mi dì í mú, mò ń bọ̀." Bí ẹni pé èèyàn lè di irun ẹni tí kò sí níbẹ̀ mú.

Obìnrin kan ti ń gbé epo pupa bọ̀ láti fi pa ọkùnrin kan tí ara ẹ̀ bó. Tantí gbá abọ́ náà dà nù.

"Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni? Omi! Omi tútù, ẹ máa dà á sí i lára, ẹ ò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin olómi inú ọ̀rá, ẹ fi eyín ya á!"

Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín ya á. Ẹnìkan ò béèrè ta ló máa sanwó. Bó ṣe rí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń pàṣẹ: ọwọ́ á kọ́kọ́ gbọ́ kí orí tó gbọ́.

Ìgbà náà ló rí mi.

"Ìwọ, kí ló wà nínú bídọ̀ yẹn?"

"Epo ni, Tantí."

"Epo? O gbé epo dúró ti iná?" Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó tọ̀ sára níwájú àlejò. "Gbé e lọ sẹ́yìn ògiri yẹn lọ́hùn-ún, kó o sì padà wá. Tí o ò bá padà, màá wá ẹ rí. Mo ti ka nọ́mbà onízẹ́mìjàn tó wà lẹ́yìn aṣọ ẹ."

Mo padà. Mi ò ní purọ́ fún yín, nọ́mbà yẹn ló dá mi padà, kì í ṣe ìgboyà.

Romaric wà nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti jóná, ó ń ké tó fi ń pe orúkọ ìyá ìyá ẹ̀. Mo gbé e, mo fẹ́ gbé e sórí mọ́tò.

"Sọ ọ́ kalẹ̀," Tantí ní.

"Tantí, ọ̀rẹ́ mi ni! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Mo gbọ́. Ẹni tó ń pariwo ń mí. Ẹni tó dákẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbé."

Ó nawọ́ sí ọkùnrin tó ń gbé epo bọ̀ láti Adjarra. Wọ́n ti fà á jókòó ti ògiri. Kò ké, kò mira, ètè ẹ̀ dúdú. Èmi rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu ni, torí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn àgbà wa ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Tantí Honorine ò gbà kí ayé rí bẹ́ẹ̀ níwájú òun. Ó fi bírò kọ aago àti nọ́mbà kan sí iwájú orí ọkùnrin yẹn, ó ní kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn kó dì í mú, ó ní kí n lọ. Mo fò. Dókítà tó gbà á lọ́wọ́ mi ní bí mo bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i, òkú ni ǹ bá gbé wá.

Èèyàn mọ́kànlá ló kọ nọ́mbà sí lára. Gbogbo wọn ló dé ilé ìwòsàn lórí mọ́tò wa, bó ṣe tò wọ́n. Gbogbo wọn wà láyé. Nígbà tí àmbúláǹsì dé, àwa tá a dúró wòran nìkan ló kù tí wọn ì bá gbé.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, bí mo ṣe ti ilé ìwòsàn padà dé, ẹnìkan ké pé Ìyá Sikiratou ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀. Èéfín ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. A wo ara wa. Ẹ̀yin akọni Dowa, ṣé ẹ rántí bí a ṣe wo ara wa? Tantí Honorine ri ìró ẹ̀ sínú omi, ó fi bo imú, ó wọlé. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó fa ìyá náà jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó húkọ́, ohun tó tú sílẹ̀ dúdú bí táyà tó jóná. Ó nù ún, ó dìde, ó ní, "Ta ló kàn?"

Ikọ́ yẹn ló pa á lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọlá, torí ọlá pọ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹnìkan ti fi fóònù ya fídíò èmi tí mo gbé ọkùnrin yẹn sórí mọ́tò, tí iná ń jó lẹ́yìn mi. Mo dùn ún wò, ẹ má jẹ́ n purọ́. Oníròyìn ráádíò kan wá bá mi, ó ní, "Arákùnrin, kí lo ń ṣe níbẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ yọ?"

Mo ní, "Mò ń kọjá lọ ni."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Mò ń kọjá lọ ni. Ilé ńlá ni mo kọ́ lé e lórí. Ìgbìmọ̀ àdúgbò pè mí, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí akọni tó ní góòlù létí, wọ́n ya fọ́tò mi, fọ́tò náà sì wà lára pákó ní ibi tí a ti ń dúró de èrò. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Pọ́ńpíyé, ìyẹn panápaná. "Pọ́ńpíyé, o ti jẹun?" "Pọ́ńpíyé, iná ń jó nínú ikùn mi, wá fi fùfú pa á!" Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń gbé àyà.

Wọn ò pe Tantí Honorine sórí àga ọlá. Ó wà lẹ́yìn, ó dúró, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń húkọ́ sínú ìborùn. Nígbà tí mò ń jáde pẹ̀lú ìwé mi, ó fà mí létí díẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹlòmíì má gbọ́: "Bídọ̀ ẹ ńkọ́?" Ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Òun nìkan ló mọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó bo àṣírí mi. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí èmi ṣe.

Ní oṣù kẹfà, àyà ẹ̀ ti bà jẹ́ débi pé ó ń jókòó gún abẹ́rẹ́ fún èèyàn. Dókítà ní kó lọ sí Kútọnu, sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Kí ilé ìwòsàn tó lè fi í ránṣẹ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú kàyé gáàdì, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí lójoojúmọ́. Wọ́n ṣí ojú ìwé ọjọ́ Sátidé yẹn. Orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Májọ̀, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, fi ìka gbo ojú ìwé náà, ó ní, "Ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ ni. Kàyé yìí ní ibi tí a ti ń kọ ẹni tó rán òṣìṣẹ́ jáde. Ta ló rán an?"

Ta ló rán an! Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ bá mi gbọ́. Nígbà tí omi ọ̀sà kún wọ ilé wa, tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ wọ́ omi dé orúnkún láti wá gún àwọn ọmọ wa lábẹ́rẹ́, ta ló rán wọn? Nígbà onígbáméjì, tí àwa ń di imú wa lójú fèrèsé, tí wọ́n ń fọ ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ò lè fọ̀, ta ló rán wọn? Ṣé iná máa ń wo kàyé kó tó ràn ni? Ṣé ó yẹ kí Tantí sọ fún Ìyá Sikiratou pé, "Màmá, ẹ ní sùúrù nínú èéfín yẹn di ọjọ́ Ajé, mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́"?

Ṣùgbọ́n Májọ̀ fi ọ̀nà kan sílẹ̀, mi ò ní rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní tí ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ bá kọ ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, òun á fi mọ́ ojú ìwé náà. Méjì péré. Romaric ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni èmi, torí èmi ni akọni tí gbogbo ìlú mọ̀.

Ẹ̀bùn, ọmọ Tantí, gbé ìwé náà wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Fòfó Soufiane, ẹ kú iṣẹ́." Bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí nìyẹn. "Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn kọ ọ́ síbí."

Mo wo ìwé náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: *Kí ni ìwọ ẹlẹ́rìí ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀?*

Mo gbójú sókè, fọ́tò mi ń wò mí láti ara pákó.

"Ọwọ́ mi dí, àbúrò. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó padà wá. Mo ní mi ò ní bírò. Ó mú bírò jáde. Mo ní èrò ń pè mí. Kò sí èrò kankan tó ń pè mí.

Ìgbà kẹta tó wá, oṣù kẹsàn-án ni, Romaric ti tọwọ́ bọ tiẹ̀. Ìkọ̀wé ẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò, torí ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ gbangba: *Mò ń bu epo.* Romaric tí ọwọ́ ẹ̀ jóná kọ ọ́. Èmi tí ọwọ́ méjèèjì mi dá ṣáṣá, mo ní, "Lọ́la, Ẹ̀bùn. Mo fi ọlá ìyá mi búra, lọ́la."

Kò bínú. Ó ní, "Màmá ti sọ pé ẹ máa ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀rù ló kàn ń bà yín."

Nígbà tó lọ tán, ẹnìkan kígbe, "Pọ́ńpíyé, ọmọ arẹwà yẹn ń wá ẹ o!" Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la yẹn kò dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló dé, àti bẹ́ńṣì, àti nọ́mbà mẹ́tàdínlógójì.

Wọ́n sin ín lánàá láti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àwọn bàbá ẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀yìn ni mo dúró sí, ibi tí òun náà dúró sí lọ́jọ́ ọlá mi. Ilé ìwòsàn gbé òdòdó róbótó ńlá wá. Wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù sí i, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé: *Sí Honorine Ayọ̀bámi, nọ́ọ̀sì tí kò fi ibi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ rí.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò fi ibi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ rí! Nígbà tó wà láyé, tó ń wá èémí, ẹ ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó kú tán, kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí. Èwo ni ká mú? Ṣé rìbọ́ọ̀nù mọ ohun tí kàyé ò mọ̀ ni? Àbí òkú nìkan lẹ lè gbà síṣẹ́?

Ẹ̀yin mọ́kànlá tó kọ nọ́mbà sí lórí, mo kà yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rin lẹ wá. Ọkùnrin tí mo gbé kò wá. Wọ́n ní ó ti padà sídìí epo, ó lọ dì í wá láti Adjarra. Ẹ fọ iwájú orí yín dáadáa, àbí? Bírò ti ṣí kúrò.

Láti ibi ìsìnkú ni mo gba ọ́fíìsì Májọ̀ lọ. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi tó ní góòlù létí lé tábìlì. Mo gbé ìwé ẹlẹ́rìí lé e. Mo ti kọ ọ́: *Mò ń jí epo bù. Mo fo ẹni tó ṣubú kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Honorine Ayọ̀bámi ló sọ mí di èèyàn, fún wákàtí kan.*

Májọ̀ kà á. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ó ti kú, Soufiane. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ fi í mọ́ kàyé."

"A ti pa kàyé yẹn dé." Ó wò mí. "Oṣù mélòó ni mo fi ń retí ìwé yìí? Ìwọ tó ń lu tábìlì mi lónìí, ibo lo wà látìgbà yẹn?"

Èmi tí ẹnu mi yá ju ẹ́ńjìnnì lọ. Mo kó ọwọ́ mi kúrò lórí tábìlì. Òótọ́ ló sọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò pa tiẹ̀ rẹ́. Májọ̀, ẹ mọ obìnrin yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀ láti ara ògiri ọ́fíìsì yín. Ẹlẹ́rìí wo lẹ tún ń wá? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ fi góòlù sí ìwé tèmi, ẹ rí i nínú fídíò, òòyà wà lórí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló nà sí ọ̀nà tí mo gbà. Ẹ ò béèrè ta ni.

Mo ti yọ fọ́tò mi kúrò lára pákó. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Pọ́ńpíyé mọ́. Láti àárọ̀ yìí, orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo wà, èyí tó ní bébà lábẹ́ ẹsẹ̀. Mi ò gba nọ́mbà. Mo sì ń pariwo, ẹ ó gbọ́ mi dé ìkóríta. Ẹ má dá mi lóhùn torí ariwo mi. Ẹni tó ń pariwo ń mí.

Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ dá lóhùn. Ẹ ṣí kàyé yẹn padà níwájú Ẹ̀bùn. Ẹ wá ojú ìwé ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ kọ orúkọ ìyá ẹ̀ síbẹ̀, Honorine Ayọ̀bámi, nọ́ọ̀sì, lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó rán an, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ọ́ pé igbe wa ló rán an.